Ìkòkò Aró Fọ́, Orin Wa Ò Tíì Dé

Ìkòkò bọ́ lórí obìnrin inú fíìmù náà, ó fọ́ yángá, aró dúdú dà gba ojú títì, obìnrin náà káwọ́ lérí. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin kọjá. Ìgbà yẹn ni trọ́ḿbóònù àti tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì wa wá bú gbàmù, bí àlejò tó dé ibi ìsìnkú nígbà tí wọ́n ti ń kó àga. Gbogbo ọmọ inú gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́kítọ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

Orin fíìmù la ń gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi àti àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lórin. Mo fẹ́ kọ bí a ṣe dé ibẹ̀ sílẹ̀, àti bí a ṣe kúrò níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ ọmọ lórin bíi tèmi ti bi mí nípa rẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi tèmi nínú ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju tàwọn ọmọ lọ, ó sì yẹ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Gbogbo ìgbà tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni mo máa ń kó àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ ohun èlò orin jọ sí gbọ̀ngàn ìjọ kan lágbègbè Alẹ́kúwodò, ní Òṣogbo níbí. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ 19 ló forí tì í dé òpin: oní-fáyólìn 7, fíólà 2, sẹ́lò 2, dọ́bù-béèsì 1 tí a yá ohun èlò rẹ̀ láti Ifẹ̀, fúlúùtù 2, kílárínẹ́ẹ̀tì 2, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì 2, trọ́ḿbóònù 1. Àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ ọmọ ọdún 12, àgbà wọn jẹ́ ẹni ọdún 21. Ẹni tó sọ wọ́n di ogún ni ọmọkùnrin ọlọ́dún 16 kan tó ń lu dùndún. Ìdílé onílù ló ti wá, Àyàn la máa ń pè é. Kò mọ ìwé orin kà, kódà sólfà kò mọ̀ ọ́n. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn oní-fáyólìn tiẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan, inú ń bí i, ó ní ọmọ òun sọ pé kọ́ńdọ́kítọ̀ lòun fẹ́ dà, pé òun ò rán an wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe èrò sí mọ́tò ní Old Garage. Ó tó wákàtí kan kí ọ̀rọ̀ tó yé wa lápá méjèèjì, pé ẹni tó ń fọwọ́ darí olórin náà ń jẹ́ kọ́ńdọ́kítọ̀.

Inú kọ́ọ̀yà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá. Sólfà ló wò wọ́n dàgbà. Mi ò ní bú sólfà, òun ló kọ́ èmi náà, àmọ́ dò inú sólfà jẹ́ alárìnká, ibi tí orin bá gbé e sí ló ń gbé. Ọmọ tó ń fun kílárínẹ́ẹ̀tì B-flat wá gbọ́ pé ohùn C tí òun rí nínú ìwé, B-flat ló ń dún létí oní-fáyólìn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi fa ìyẹn.

Iṣẹ́ méjì la gbé dání. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn olókùn, ìyẹn oní-fáyólìn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, máa fi parí ìsinmi níwájú àwọn òbí: Akinla, apá tó gbẹ̀yìn African Suite tí Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin ọ́kẹ́sítírà, kọ ní 1944. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, èmi tí mo dúró níwájú ni mo ni àkókò. Bí dọ́bù-béèsì bá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, mo lè fa ọwọ́ díẹ̀ dè é, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹlòmíì tiẹ̀ lè mi orí, kó rò pé ọnà ni mò ń dá sí i. Orin fíìmù ò mọ ìyẹn. Fírémù 24, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fíìmù, ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì sí èyí tó máa bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń bọ̀. Ní 1908, nígbà tí fíìmù ò tíì ní ohùn, Saint-Saëns, olórin ará Faransé, kọ orin fún fíìmù kúkúrú kan, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì yí padà látìgbà náà: àwòrán ló lọ̀nà, olórin ló ń tọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ kejì nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín ìlú wa níbí ń ṣe fíìmù Yorùbá, ó fẹ́ ohùn ọ́kẹ́sítírà gidi nínú ìran kan, kì í ṣe ti kíbọ́ọ̀dù tí gbogbo ayé ń lò. Obìnrin aláró kan ru ìkòkò aró, ó ń lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin kí ọmọ rẹ̀ tó wọkọ̀ lọ. Ìkòkò bọ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá dàgbà ní Òṣogbo kò ní béèrè ìdí tó fi jẹ́ ìkòkò aró. Wọ́n ti sọ ìtàn rẹ̀ fún wa láti kékeré: igi tí àwọn tó tẹ ìlú dó gé wó sínú odò, ohùn kan sì ké jáde nínú omi pé gbogbo ìkòkò aró òun ni wọ́n ti fọ́ tán. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá bá mi, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó kù, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. Àmọ́ bí ìkòkò yẹn bá ń fọ́, kí orin bá a fọ́."

Ìran náà gùn tó ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Mo fi aago ka bí obìnrin náà ṣe ń gbẹ́sẹ̀ tòun ti ẹrù lórí, ó súnmọ́ 90 ní ìṣẹ́jú kan, mo sì mú 90. Ìṣirò rẹ̀ tún wá dùn: kíkà kan, ìyẹn ìgbẹ́sẹ̀ kan, jẹ́ fírémù 16 gééré, gbogbo ìran jẹ́ kíkà 240. Bí a bá pín orin náà sí ìpín tí à ń pè ní báà, kíkà mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, báà 60 ló máa jẹ́. Ìkòkò fọ́ ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ báà 31 láìku nǹkan kan. Mo kọ orin ìrìn kan fún fáyólìn, báà méjì méjì, tó ń pààrà bí ẹsẹ̀ obìnrin náà. Dùndún ń tẹ̀ lé e lábẹ́. Ní báà 31, gbogbo fèrè á bú. Orí mi wú nígbà tí mo parí rẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣì í rèé. Kí àwọn ọmọ lè mọ̀ ọ́n kíá, mo fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòṣe orin náà, mo fi ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé kó máa fi gbára dì nílé. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti ń ta á bí ẹni jẹ iṣu. Mi ò bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ tó rí ọmọ tó ń ṣe dáadáa kì í tú ìdí ọ̀rọ̀.

Dírẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ dá ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹjọ fún gbígba ohùn. Mo ní kó lọ wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ tí Arugbá máa gbé igbá lọ sí odò Ọ̀ṣun ni, ta ló fẹ́ gba ohùn fáyólìn ní Òṣogbo lọ́jọ́ náà? A sún un sí Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e.

Alẹ́ Sọ́ńdè, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, fídíò kan wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kí ẹ lò o." Dátà mi ti ń tán lọ. Mo rò pé fídíò kan náà ló tún fi ránṣẹ́, mo dùbúlẹ̀, mo sùn.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, a pa jẹnẹrétọ̀, a pa fáànù, a ń lo ínfátà, gbogbo wa ń làágùn. Máíkì mẹ́rin la háyà. Hẹ́ẹ̀dìfóònù márùn-ún péré ló wà fún kílíìkì, ìyẹn ìró kó-kó-kó tó ń jẹ́ kí olórin mọ ibi tí àwòrán dé: tèmi, ti Àyàn, ti aṣáájú fáyólìn, ti sẹ́lò kan àti ti tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi ni ó yẹ kí àwọn tó kù máa wò. Ẹni tó ń gba ohùn gbé fídíò tuntun náà sórí kọ̀ǹpútà, a gba ti àkọ́kọ́, ìkòkò fọ́, a dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn.

Mo pe ẹ̀dítọ̀. Ó ní lóòótọ́, òun ti gé ibi tí obìnrin náà ti dúró kí ìyá aláta kan kúrò, pé ìran náà ń wọ́. Fírémù mélòó? Fírémù 98. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìjọ kan: 96 jẹ́ kíkà mẹ́fà, méjì ṣẹ́kù. Mo ní ṣé ó lè dá méjì yẹn padà fún mi. Ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó ní, "Fírémù méjì, sà? Ojú ta ló máa rí i?" Òótọ́ ló sọ. Ìdá kan nínú méjìlá ìṣẹ́jú-àáyá ni, orin la sì máa fi pẹ́ sẹ́yìn àwòrán, a ò ní fi ṣáájú rẹ̀. Ojú máa ń dárí ji orin tó pẹ́ díẹ̀. Èyí tó yára ṣáájú àwòrán ni kì í dárí jì. Mo fi méjì náà sílẹ̀.

Kíkà mẹ́fà ni kí n yọ. Mo ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù fagi lé báà 24 látòkèdélẹ̀, ìyẹn kíkà mẹ́rin. Báà 30, kí wọ́n fagi lé ìdajì rẹ̀ ìkẹyìn, kó ku kíkà méjì, kí báà 31 já lù ú. Báà tó kúrú bẹ́ẹ̀ níwájú ariwo, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó dà bí ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Àyàn ò ní ìwé níwájú, mo fi ẹnu kọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan bó ṣe máa rí, ó mi orí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni lójú tèmi.

Gbígbà kejì dàrú. Ẹ̀kẹta dàrú. Ní ẹ̀kẹrin, apá kan fáyólìn fo báà 24, apá kejì ò fò ó, bí ẹbí tó ń jà sí ogún ló rí. Mo ń pariwo pé ẹ wo ìwé yín, ẹ wo ọwọ́ mi. Wọ́n ní àwọn ń wò ó. Ní ẹ̀karùn-ún, mo fi aṣáájú fáyólìn sípò mi, mo rọra yípo lọ sẹ́yìn wọn. Ojú-ìwé kejì ló wà níwájú ọmọ tó ń fun kílárínẹ́ẹ̀tì kejì. A wà ní báà 10, ojú-ìwé kejì sì bẹ̀rẹ̀ láti báà 33. Ó ń fun ún lọ, kò ṣi ohùn kan ṣoṣo. Mo wo ẹlòmíì, ojú rẹ̀ wà ní dídì. Àwọn méjì tó ń lo ìdúró ìwé kan kò ṣí ìwé rárá. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Orin inú fóònù ni gbogbo wọn ń ta, ọjọ́ Mọ́ńdè ò sì lè fi pẹ́ńsù fagi lé ohun tó wà ní orí wọn.

Ẹnì kan ò ṣì í. Láti gbígbà kejì títí dé ẹ̀karùn-ún, dùndún ń bọ́ sórí ìkòkò gẹ́lẹ́. Ariwo tó yí i ká ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ẹni tó ń gba ohùn ló fi hàn mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ gbọ́ máíkì onílù nìkan." Mo gbọ́ ọ. Mo pe Àyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Báwo lo ṣe ń kà á?"

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò kà á."

"Kí lo wá ń ṣe?"

"Mò ń bá màmá yẹn sọ̀rọ̀ ni."

Mo ní kó fẹnu sọ ọ́. Ojú ń tì í, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní ohun tí ìlù òun ń sọ ni, "Ìyá aláró, rọra, ilẹ̀ ń yọ̀." Ó ti gbọ́ bí orin fáyólìn mi ṣe ń gòkè tó ń sọ̀, ó wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu sí i: "Ìyá aláró" ní báà kan, "rọra, ilẹ̀ ń yọ̀" ní báà kejì. Mo ní báà 24 tí a yọ ńkọ́? Ó ní òun pe màmá náà lẹ́ẹ̀mejì ni, "Ìyá aláró, ìyá aláró, rọra, ilẹ̀ ń yọ̀," bí a ṣe máa ń pe ẹni tí kò gbọ́ ìpè àkọ́kọ́. Báà 30 tó kúrú ńkọ́? Ó fi kọ̀ǹgọ́ lù ú fún mi: "Ìyá aláró, rọra…" Ó dákẹ́. Ó ní, "Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ìkòkò fi bọ́."

Mo jókòó. Ìlú tí Dúró Ládípọ̀ ti dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962, tí ìlù àti ọ̀rọ̀ jọ ń gbé eré rẹ̀ rìn, inú rẹ̀ ni mo ti ń fi pẹ́ńsù bá ọmọ jà.

Mo ní kí gbogbo wọn gbé ohun èlò sílẹ̀. Ọmọ kọ́ọ̀yà ni wọ́n, orin ẹnu ò lè sú wọn. Àyàn ń lù, wọ́n ń kọ ọ́, látìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ìkòkò ti fọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé "rọra" ìkẹyìn, ìdajì wọn parí gbólóhùn náà, wọ́n sì fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹnì kan ṣoṣo ló parí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, "rọra", gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo rí i tí ọmọ ọdún 12 yẹn sé èémí, tó ń dúró de ìkòkò. Mo ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ orin nínú ìwé, pẹ̀lú àmì, kí ojú wọn lè rí ibi tí ẹnu wọn wà.

Ní gbígbà kẹfà, wọ́n gba báà 24 kọjá, trọ́ḿbóònù ló kọsẹ̀. Òjò rọ̀ lórí páànù ní gbígbà keje, a jókòó, a jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ẹ̀kẹjọ dára, àfi pé a ń gbọ́ kó-kó-kó ní apá tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́yìn tí ìkòkò ti fọ́ tán. Aṣáájú fáyólìn ló fà á. Òsì ni fáyólìn máa ń gbé lábẹ́ àgbọ̀n, etí ọ̀tún ló fi ń gbọ́ kílíìkì, ó sì ti ti ẹnu hẹ́ẹ̀dìfóònù kejì kúrò létí kó lè gbọ́ ohun èlò rẹ̀. Ibẹ̀ ni kílíìkì ń gbà jáde sínú máíkì. A ki òwú bọ̀ ọ́, a fi sẹ́lótéèpù dì í. Gbígbà kẹsàn-án ló wà nínú fíìmù. Dírẹ́kítọ̀ wo ìran náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sọ̀rọ̀, ó kàn jáde lọ ra báàgì omi tútù méjì wá fún àwọn ọmọ.

Láti ìgbà náà, mi ò fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ mọ́. Àwọn òbí kan rojọ́ pé àwọn ò gbọ́ kí ọmọ máa gbára dì nílé bíi ti tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ìwé kíkà kì í pariwo. Láràárọ̀, mo máa ń kọ báà mẹ́jọ tí wọn ò rí rí sójú pátákó, wọ́n á ta á lẹ́ẹ̀kan, mo á nu ọ̀kan nù, mo á gé òmíràn sí méjì, wọ́n á tún un ta. Ó kọ́kọ́ ń dà wọ́n rú gan-an. Akinla jàǹfààní rẹ̀, torí ojú wọn ti kọ́ láti gòkè wá sí ọwọ́ mi. Ní ti àwọn onífíìmù, mi ò kọ ohùn kan sílẹ̀ mọ́ tí wọn ò bá tíì fọwọ́ sí i pé àwọn ti ti àwòrán pa. Ẹni tó bá gé e lẹ́yìn ìyẹn, owó mìíràn ni.

Èyí tó kù ni ti Àyàn. Wọ́n ti pè é fún fíìmù mìíràn, ìwé ni wọ́n sì gbé síwájú rẹ̀, wọn ò fi ẹnu kọ ọ́ fún un. Ó padà wá bá mi. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá, bàbá náà ní òun ò kọ̀ kí n kọ́ ọ ní ìwé orin, àmọ́ ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ tèmi ní ìlù? Mo ní, "Ẹ̀yin ni, bàbá." Ọjọ́ Tọ́sìdeè ló ń wá báyìí, ó ń jókòó sórí àga kékeré, fáyólìn méje dojú kọ ọ́, ó ń lu gbólóhùn kan, wọ́n ń wá a lórí okùn. Ọ̀tọ̀ ni ariwo ibẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ti ka ìwé dé báà mẹ́jọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo yẹ ìwé rẹ̀ wò, mo rí i pé ó kọ "rọra" sábẹ́ báà kẹrin. Mo ní kí nìyẹn, orin yìí ò ní ọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ òun ti máa ń yá jù.